Fìtílà Tí Ń Tàn Nígbà Tí Iná Bá Lọ

Gbogbo wa ni a mọ ìwà iná mànàmáná. Ó lè wà nísinsìnyí, kí ó lọ kí a tó ṣẹ́jú. Bí ó bá lọ nínú ilé wa, a ó wá ìṣáná tàbí tọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ńlá kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ilé ìlagi kan lóru. Àwọn òṣìṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀. Ayùn ń yí, ariwo gba gbogbo ilé. Lójijì, òkùnkùn ṣú biribiri. Ẹni tí ó wà nídìí ẹ̀rọ kò rí ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́. Ayùn náà kò sì dúró lẹ́ẹ̀kan náà o! Eré tí ó ti ń bá bọ̀ ni yóò máa bá lọ fún ìgbà díẹ̀, ìka ọwọ́ kò sì jìnnà sí i.

Nítorí irú èyí ni a ṣe ní iná pàjáwìrì. Fìtílà kékeré ni, tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri tàbí àjà ilé. Bátìrì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí iná bá wà, bátìrì yìí ń gba agbára pamọ́ díẹ̀díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé ti ń pọn omi kún àmù de ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí iná bá lọ, ẹnikẹ́ni kò ní tẹ nǹkan kan. Fìtílà náà fúnra rẹ̀ ni yóò tàn. Òmíràn wà tí ń tàn tọ̀sán tòru. Irú rẹ̀ ni èyí tí ó ní àwọ̀ ewé, tí wọ́n ń fi sí òkè ilẹ̀kùn àbájáde. Wọ́n ya àwòrán ènìyàn tí ń sáré gba ẹnu ọ̀nà jáde sí i lára. Ẹni tí kò tíì mọ̀wé pàápàá mọ ohun tí ó ń wí.

Ẹnìkan lè sọ pé, “Àwa ní jẹnẹrétọ̀ ní tiwa. Kí la fẹ́ fi bátìrì ṣe?” Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n kò tó. Jẹnẹrétọ̀ ń fẹ́ epo, ó sì ń gba àkókò kí ó tó dìde. Nígbà mìíràn ohun tí ó mú iná lọ ni yóò pa òun náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú New York ní Amẹ́ríkà. Ilé ìṣòwò gíga méjì wà níbẹ̀ nígbà náà, World Trade Center ni wọ́n ń pè é. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ alájà 110. (Ilé Cocoa ní Dùgbẹ̀, Ìbàdàn, tí a ń di fìlà mú kí a tó lè wo òkè rẹ̀, alájà 26 péré ni.) Ní ọjọ́ 26 oṣù kejì ọdún 1993, àwọn ọ̀daràn gbé bọ́ǹbù sínú ọkọ̀, ó sì bú gbàmù ní abẹ́ ilé náà, níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Ènìyàn 6 kú. Àwọn tí ó fara pa lé ní 1,000. Iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ wọn dìde lóòótọ́, ṣùgbọ́n bọ́ǹbù ti ba ọ̀nà omi tí ń mú un tutù jẹ́. Kò pẹ́ tí òun náà fi kú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀ kalẹ̀ nínú òkùnkùn àti èéfín. Ó gba àwọn mìíràn ní ọ̀pọ̀ wákàtí kí wọ́n tó kan ilẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n fi fìtílà oníbátìrì sí àwọn àtẹ̀gùn ilé náà, tí wọ́n sì fi ọ̀dà tí ń dán nínú òkùnkùn sàmì sí wọn. Nígbà tí wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú kọlu ilé méjèèjì ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, ilé wó, ẹ̀mí púpọ̀ sì ṣòfò. Síbẹ̀, èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ ibi tí ọkọ̀ ti kọlu ilé ni ó jáde láàyè. Kì í ṣe fìtílà nìkan ni ó gbà wọ́n là, ṣùgbọ́n ó wà lára rẹ̀.

Báwo ni ìmọ́lẹ̀ náà ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó? Kò pọ̀ rárá. Ìlànà àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí ilẹ̀ ọ̀nà àbájáde ní ìmọ́lẹ̀ tí ó tó ti àbẹ́là kan tí ó jìnnà ní mítà 1. Ìdajì rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti dé láàárín ìṣẹ́jú àáyá 5. Níbi ẹ̀rọ eléwu bí ayùn, a kì í dúró tó bẹ́ẹ̀: ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kan ni, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ju ìyẹn lọ dáadáa. Fìtílà tí ń tàn fún wákàtí 3 ni ọ̀pọ̀ ilé ń lò.

Ibi tí wàhálà wà ni ìtọ́jú. Mo ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé ìkẹ́rùsí kan tí fìtílà mẹ́sàn-án wà lára ògiri rẹ̀. Iná pínníṣín tí ń fi hàn pé bátìrì ń gba agbára ń tàn lára gbogbo wọn, ọkàn wa sì balẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan iná lọ. Méjì péré ni ó tàn. Ọ̀kan nínú méjèèjì wà lẹ́yìn àpò tí a tò dé àjà! Ọkùnrin kan ṣubú lórí àtẹ̀gùn, apá rẹ̀ kán. Iná pínníṣín yẹn kò sọ fún wa pé bátìrì ti gbó. Ooru sì ń yára pa bátìrì.

Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni kí a máa pa iná fún ìgbà díẹ̀, kí a rìn yíká, kí a wo èyí tí ó tàn àti èyí tí kò tàn. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, kí a jẹ́ kí wọ́n tàn títí wákàtí wọn yóò fi pé. Ọ̀sán ni kí a ti ṣe ti ọdún yìí, nígbà tí iṣẹ́ kò sí, nítorí bátìrì yóò gbẹ, yóò sì pẹ́ kí ó tó kún padà. Ohun tí a bá rí, kí a kọ ọ́ sínú ìwé: ọjọ́, nọ́ńbà fìtílà, ohun tí ó ṣe é, àti orúkọ ẹni tí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ọlọ́dẹ tí ó ti ń kọ orúkọ ara rẹ̀ báyìí lè ṣe iṣẹ́ yìí. Kò di ìgbà tí akọ̀wé bá dé.

Ìbéèrè

1. Kí ni ó pa jẹnẹrétọ̀ ní New York ní ọdún 1993?
2. Kí ni iná pínníṣín ara fìtílà ń sọ fún wa? Kí ni kò lè sọ?
3. Ka àwọn fìtílà pàjáwìrì ibi iṣẹ́ rẹ. Kọ iye wọn sílẹ̀, kí o sì kọ èyí tí ẹrù bò mọ́lẹ̀.