Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: ÌSINMI NÍBI TÍ ARIWO KÒ SÍ



Nígbà tí ọlidé bá dé, ibo ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń lọ? Ará Àkúrẹ́ á ní Èkó ni òun ń lọ. Ará Oǹdó á wọ mọ́tò ó di Ìbàdàn. A ó jókòó nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, a ó sùn nínú yàrá tí ènìyàn mẹ́fà ti wà tẹ́lẹ̀, a ó ná owó tí a yá, a ó sì fi ara ríro padà wálé. Ní ọjọ́ kejì, ó di ẹnu iṣẹ́. Ǹjẹ́ a sinmi bí? Ẹ̀kọ́ wa lóṣù yìí ni pé ibi ìsinmi kò ní láti jìnnà, kò sì ní láti lókìkí. Ohun tí a nílò ni ìdákẹ́jẹ́ àti àyè láti pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀.

1. ARA NÍ Ẹ̀TỌ́

Abdullāhi ọmọ Amr ń gba ààwẹ̀ lójoojúmọ́, ó sì ń fi gbogbo òru kírun. Nígbà tí Ànọ́bì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) gbọ́, ó kìlọ̀ fún un pé ara rẹ̀, ojú rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Hadīsì yìí wà nínú Bùkárì. Bí ìjọsìn pàápàá kò bá gbọdọ̀ pa ẹ̀tọ́ ara run, kí ni a ó wí nípa ìrìn-àjò àṣehàn?

Ẹnì kan lè bi wá pé: ṣé hadīsì mìíràn kò sọ pé ìrìn-àjò jẹ́ apá kan nínú ìyà, pé kí ẹni tí ó bá ti parí ohun tí ó bá lọ tètè padà sọ́dọ̀ àwọn ará ilé rẹ̀? Òtítọ́ ni. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí a fi ń sọ pé kí á yan ibi tí ó wà nítòsí, kí á mọ ohun tí a ń wá lọ, kí ìnira ọ̀nà má baà gba ìsinmi mọ́ wa lọ́wọ́.

2. ÒKÈ ÌDÀNRÈ

Ọlọ́hun ti fi ibi ìsinmi sí ẹ̀yìnkùlé wa. Láti Àkúrẹ́ sí Ìdànrè kò ju nǹkan bí 25 kìlómítà lọ. Ará Oǹdó tí ó bá jáde láàárọ̀ lè débẹ̀ kí ìrun Àílà tó tó. Síbẹ̀, mélòó nínú wa ló ti gun òkè náà rí?

Wọ́n sọ pé àwọn ará Ìdànrè gbé orí òkè yìí fún bí 800 ọdún kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ní àwọn ọdún 1920. Àtẹ̀gùn tí ó ju 600 lọ ni a ó gùn kí a tó dé ìlú àtijọ́ náà, ṣùgbọ́n ibùsinmi wà lójú ọ̀nà. Lókè, a ó rí ààfin Ọwá àtijọ́, ilé ẹjọ́ àtijọ́ àti àwọn ibojì. Ní 2007, Nàìjíríà fi orúkọ Òkè Ìdànrè ránṣẹ́ sí UNESCO, ó sì wọ inú àkójọ àwọn ibi tí a lè yàn ní ọjọ́ iwájú sí ara ogún gbogbo ayé.

Àlejò tó ń kánjú á sáré gùn ún, á ya fọ́tò, á sì sọ̀ kalẹ̀ kí oòrùn tó mú. A dá a lábàá pé kí ẹ sun oorun méjì ní Ìdànrè. Ní ọjọ́ kìíní, ẹ sinmi nísàlẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Àsùbá, ẹ rọra gun òkè, ẹ gbé omi dání, kí ẹ jókòó níbi tí ìlú odindi ti wà rí tí ó ti di ahoro. Àlùkùránì pè wá léraléra pé kí á rìn lórí ilẹ̀, kí á wo ìgbẹ̀yìn àwọn tí ó ti kọjá. Ẹni tó ń sáré kò lè wò ó. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ bá àwọn àgbẹ̀ kòkó ṣeré; ilẹ̀ kòkó pàtàkì ni Ìdànrè, wọn á sì sọ ohun tí ìwé kò sọ fún yín.

3. BÍ A ṢE Ń WÁ IBI TÍ ÈRÒ KÒ PỌ̀

(a) Ẹ yí àkókò padà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú yàtọ̀ sí ọjọ́ ọdún. Ẹ sì ṣọ́ra nígbà òjò, nítorí àpáta máa ń yọ̀.

(b) Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ olókìkí. Gbogbo ènìyàn mọ omi gbígbóná Ìkògòsì, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó kí a tó dá Èkìtì sílẹ̀ ní 1996. Ṣùgbọ́n ìṣàn-omi Àrìnta ní Ìpólé-Ìlórò kò jìnnà sí i, àwọn tó mọ̀ ọ́n kò sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

(d) Ẹ lọ sí ibì kan ṣoṣo. Ìlú mẹ́rin ní ọjọ́ mẹ́ta kì í ṣe ìsinmi. Ìṣòro èrò kò mọ sọ́dọ̀ wa: ní 2024, ìlú Venice ní Ítálì bẹ̀rẹ̀ sí gba owó ìwọlé lọ́wọ́ àlejò olójúmọ́ ní àwọn ọjọ́ kan, nítorí pé èrò ti pọ̀jù.

(e) Ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe àìbìkítà. Nítorí àwọn ajínigbé, ẹ rin ìrìn-àjò lójú ọ̀sán, ẹ bi àwọn awakọ̀ ní gáréèjì bí ọ̀nà ṣe rí, ẹ má dá wọ inú igbó, ẹ sì jẹ́ kí ará ilé mọ ibi tí ẹ wà. Kí ẹ̀yin arábìnrin wa bá ọkọ tàbí ẹbí yín lọ.

4. ÌRUN ÀTI ÌWÀ LỌ́NÀ

Àwọn kan nínú wa á ti máa dín ìrun kù ní kété tí wọ́n bá kúrò ní Àkúrẹ́. Nǹkan bí 80 kìlómítà ni ọ̀pọ̀ onímọ̀, pẹ̀lú àwọn Màlíkì, fi ṣe òdiwọ̀n. Láti Àkúrẹ́ sí Ìdànrè tàbí sí Oǹdó kò tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà a ó kí ìrun wa pé. Ti ẹni tí ó ti Èkó wá yàtọ̀.

A ó rí ojúbọ lórí òkè. A kì í bá wọn bọ ọ́, ṣùgbọ́n a kì í fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àlùkùránì kọ̀ fún wa láti bú ohun tí ẹlòmíràn ń sìn. Àlejò ni wá. Ilé onílé ni.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Ìgbà wo ni ẹ ti sinmi kẹ́yìn tí ara yín sì mọ̀ pé ẹ sinmi?
2. Ibi ìdákẹ́jẹ́ wo ló wà nítòsí yín tí ẹ kò tíì dé rí?
3. Kí ni ẹ ó dín kù nínú ìnáwó ọdún kí ẹ lè lọ láìyáwó?

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ìjáde wa dára, kí ìpadàbọ̀ wa dára. Àmín.