Etíkun wo ló yẹ ẹni tó ń kọ́ káìtì ní Sal?

Ìbéèrè: Zuba, ní Nàìjíríà, ni mò ń gbé. Mo fẹ́ lọ kọ́ káìtìsọ́ọ̀fù, eré orí omi tí káìtì ń fani, ní erékùṣù Sal, ní Cape Verde, lóṣù Kejì. Etíkun wo ni kí n yàn?

Ìdáhùn: Ẹ ṣé tí ẹ béèrè kí ẹ tó gbéra. Ibi tí afẹ́fẹ́ kọjú sí ni kí ẹ wò, ẹ má wo ẹwà. Láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Karùn-ún, àríwá ìlà-oòrùn ni atẹ́gùn Sal ti máa ń fẹ́ wá, bí ọyẹ́ tí ẹ mọ̀ ní Zuba. Ìdí nìyí tí Kite Beach, níhà ìlà-oòrùn, fi yẹ yín: bí ẹ bá ṣubú, afẹ́fẹ́ á máa tì yín bọ̀ sétí iyanrìn. Ponta Preta níhà ìwọ̀-oòrùn gbayì lóòótọ́, àmọ́ agbami ni afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń gbéni lọ, àpáta sì wà nídìí ìgbì. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún irú Mitu Monteiro, ọmọ Sal tó borí lágbàáyé nínú káìtìsọ́ọ̀fù ní 2008.

Ẹ kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ kí ẹ tó lọ. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ bu iyanrìn gbígbẹ, ẹ jẹ́ kó máa dà lọ́wọ́ yín; bó bá ń fẹ́ lọ sójú òkun, ẹ má wọmi. Ẹ gba olùkọ́, ẹ má kàn yá káìtì. Bí ẹ bá ní ikọ́ fée, tàbí èjìká yín ti yẹ̀ rí, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà.

Ti físà kò le: Nàìjíríà àti Cape Verde jọ wà nínú ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àmọ́ ẹ mú tíkẹ́ẹ̀tì àlọ-àbọ̀ dání.