Àdùkẹ́, Ta Lo Fẹ́ Ṣojú Fún?

Ìbàdàn

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní ipò ààrẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lo fẹ́ dù, àmọ́ àwọn kan ní kí o lọ gba igbákejì, pé ibẹ̀ ló yẹ obìnrin. Kí o tó dá wọn lóhùn, gbọ́ nípa Shirley Chisholm.

Brooklyn ní New York ni wọ́n ti bí i ní 1924. Ọmọ Guyana ni bàbá rẹ̀. Ọmọ Barbados ni ìyá rẹ̀, aránṣọ tó tún ń ṣiṣẹ́ ilé fún olówó. Shirley ṣe olùkọ́ ọmọdé kó tó wọ òṣèlú. Ní 1968, òun ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò yàn sí ilé aṣòfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà.

Bó ṣe débẹ̀, wọ́n fi í sí ìgbìmọ̀ ọ̀rọ̀ àgbẹ̀, kó máa bójú tó igbó àti abúlé. Igbó wo ló wà ní Brooklyn? Àlejò kì í sábà jiyàn nílé yẹn, ṣùgbọ́n Shirley fàáké kọ́rí. Wọ́n bá gbé e lọ sí ìgbìmọ̀ àwọn ọmọ ogun tó ti fẹ̀yìntì. Ó gbà á, torí wọ́n pọ̀ ládùúgbò rẹ̀ ju igi lọ.

Ní 1972, ó du tíkẹ́ẹ̀tì ààrẹ nínú ẹgbẹ́ Democrat. George Wallace, gómìnà Alabama tí kò fẹ́ kí dúdú àti funfun jọ kàwé pọ̀, ń dù ú pẹ̀lú. Nígbà tí wọ́n yìnbọn lu Wallace, Shirley lọ kí i nílé ìwòsàn. Inú bí àwọn alátìlẹyìn Shirley gan-an. Kò rí tíkẹ́ẹ̀tì náà gbà. Àmọ́ nígbà tó ń jà kí àwọn òṣìṣẹ́ ilé, irú ìyá rẹ̀, wà lára àwọn tí òfin owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ dáàbò bò, Wallace bá a bẹ àwọn aṣòfin Gúúsù. Òfin náà jáde ní 1974.

Ọmọ mi, àwọn tó rán Shirley níṣẹ́ ló ń wò kó tó kọ ipò tàbí kó tó gbà á. Àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Bí ipò igbákejì bá lè jẹ́ kí o bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mú omi dé họ́stẹ̀lì, gbà á. Bó bá jẹ́ torí kí o máa bu oúnjẹ nípàdé ni, kọ̀ ọ́ lójú gbogbo èèyàn. Bí o bá sì fìdí rẹmi, má di àwọn tí kò dìbò fún ọ sínú. O lè nílò wọn lọ́la.

Tí o bá ti pinnu, tètè kọ̀wé sí mi. Màá fi owó pósítà ránṣẹ́.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ