Ìwé-Ẹ̀rí Kọ́ ni Ìwé-Àṣẹ

Ọ̀rọ̀ méjì kan wà tí ọmọ káàárọ̀-oò-jíire ń fi rọ́pò ara wọn láìbìkítà, "ìwé-ẹ̀rí" àti "ìwé-àṣẹ". Kò sì síbi tí àṣìlò yìí ti ń dùn mí tó ilé ìdárayá, èyí tí tèwe-tàgbà ń pè ní jíìmù, níbi tí ẹnikẹ́ni tí àyà rẹ̀ bá ti fẹ̀, tí apá rẹ̀ sì ki, ti ń di akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ lójú ogunlọ́gọ̀ ènìyàn, láìjẹ́ pé ẹnì kan bi í léèrè ibi tí ó ti kọ́ṣẹ́.

Bí a bá tú "akọ́ṣẹ́mọṣẹ́" palẹ̀, kíkọ́ ni ó ṣáájú, mímọ̀ ni ó tẹ̀ lé e. Kò sí agbára níbẹ̀ rárá. Àwọn àgbà kúkú ti wí pé alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ. Ẹni tí ó ní kí ìyá arúgbó tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru gbé irin wúwo, tí kò sì kìlọ̀ fún un kí ó má ṣe sé èémí mọ́nú nígbà tí ó bá ń gbé e, kò mọ̀ pé sísé èémí bẹ́ẹ̀ a máa mú kí ẹ̀jẹ̀ ru sókè gan-an. Ìwọ̀n ara tirẹ̀ ni ó fi wọn ara ẹni ẹlẹ́ni.

Ìwé-ẹ̀rí ń jẹ́rìí sí ẹ̀kọ́ tí ó ti kọjá. Ìwé-àṣẹ ní olúwa rẹ̀, ẹni tí ó fúnni ni ó sì lè gbà á padà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, olùkọ́ jíìmù a máa gba ìwé-ẹ̀rí ìpele kejì, ẹni tí ń kọ́ ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan a gba ìpele kẹta. Láti 2002 ni wọ́n sì ti ní ìwé orúkọ fún àwọn oníṣẹ́ náà, èyí tí ó ti bọ́ sọ́wọ́ CIMSPA, ẹgbẹ́ tí adé ilẹ̀ náà fọwọ́ sí. Síbẹ̀, òfin kò dí ẹni tí kò sí nínú ìwé náà lọ́wọ́ láti pe ara rẹ̀ ní personal trainer, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣàdédé pe ara rẹ̀ ní physiotherapist. Akọ̀wé tí ó bá wá kọ ọ́ pé irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ "gba ìwé-àṣẹ ìjọba" ti ṣi aráyé lọ́nà.

Ní Bàràsíìlì, àṣẹ ni. Òfin 9.696, ti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án 1998, dá ìgbìmọ̀ àpapọ̀ àti ti ẹkùn-dé-ẹkùn sílẹ̀, ó sì fi iṣẹ́ olùkọ́ ìdárayá àti orúkọ rẹ̀ mọ sọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ nìkan. Kò gbàgbé àwọn tí wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí ó tó dé: ẹni tí ó bá lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òun ti ń ṣe é, wọ́n gbà á wọlé, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ìgbìmọ̀ fẹ́ kí àwọn ọ̀gá capoeira, ìjà-òun-ijó tí àwọn ọmọ Áfíríkà tí a kó lẹ́rú fi sílẹ̀ fún ìran wọn, wá forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn olùkọ́ ijó àti yóga, ọ̀pọ̀ wọn kọ̀ jálẹ̀: ọ̀gá ni ó ń sọ ọmọ iṣẹ́ di ọ̀gá, kì í ṣe yunifásítì. Ilé-ẹjọ́ sì gbè wọ́n lẹ́yìn. Ohùn alágbẹ̀dẹ àti gbẹ́nàgbẹ́nà ilẹ̀ wa ni mo gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ wọn, nítorí pé nígbà tí ọmọ iṣẹ́ bá sìn tán, tí ó ń gba òmìnira, èyí tí àwọn kan ń pè ní fírídọ̀mù, ọjọ́ kan náà ni ọ̀gá ń jẹ́rìí pé ó kọ́ṣẹ́, tí ẹgbẹ́ sì ń fún un láṣẹ kí ó dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀rí àti àṣẹ jọ ń jáde lábẹ́ òrùlé kan; bóyá ibẹ̀ gan-an ni àdàlù ọ̀rọ̀ méjèèjì ti ṣẹ̀ wá sí ẹnu wa.

Lóde òní wọ́n ti pínyà, ó sì yẹ kí ahọ́n wa pín wọn. Kí ẹ tó fa ara yín lé olùkọ́ jíìmù lọ́wọ́, ẹ bi í pé: ta ni ó kọ́ ọ níṣẹ́? Ta ni ó sì lè dá ọ dúró bí o bá ṣe ènìyàn léṣe? Ẹni tí kò bá ní ìdáhùn sí ìbéèrè kejì, ìwé-ẹ̀rí nìkan ni ó ní, bẹ́ẹ̀ ni kí á sì máa pè é.