Àtàǹpàkò Kì Í Ṣe Èsì Gbogbo Ọ̀rọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, n kò bínú sí àmì kékeré tí ẹ ń tẹ̀ sábẹ́ ọ̀rọ̀ lórí WhatsApp. Lọ́dún 2022 ni wọ́n gbé e dé, mẹ́fà péré sì ni nígbà náà: àtàǹpàkò, ọkàn, ẹ̀rín, ìyàlẹ́nu, ẹkún àti àtẹ́lẹwọ́ méjì tó papọ̀. Ó wúlò. Kí ó tó dé, bí akọ̀wé ẹbí bá kọ ọjọ́ ìpàdé síta, “àmín” àti “a ti rí i” á ti bò ó mọ́lẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. (Ta ló ń ṣe àmín sí ìpàdé, ẹ jọ̀ọ́?)

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kéde ọjọ́ Orò ní Ìkòròdú, tí obìnrin kò gbọdọ̀ jáde, àtàǹpàkò yín kò tíì kan ìyá àgbà tí kò mọ̀wé kà. Ẹ pè é, kí ó tún un sọ fún yín. Bí àǹtí yín tó ń ta ẹja lọ́jà Olúwo l'Ẹ̀pẹ́ bá sì béèrè ọjọ́ tí owó òun yóò wọlé, ẹ dárúkọ ọjọ́. Ọkàn pupa kò ṣeé ná.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti òkú. Ẹnìkan kọ̀wé pé bàbá òun ti lọ, ẹ tẹ àtàǹpàkò! Kí ló dára níbẹ̀? Àmì ẹkún sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ “Ẹ kú ará fẹ́ra kù”, kí ẹ sì pè lọ́jọ́ kejì. Bí ìka bá ṣèèṣì tẹ ẹ̀rín, ẹ yọ ọ́ kíákíá, kí ẹ sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọlọ́fọ̀.