Aṣọ Ìrìnàjò sí Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀yin ìyá, bí ẹ bá ń lọ kí ọmọ yín ní Lọ́ńdọ̀nù lóṣù Kìíní, ẹ rántí pé òtútù ibẹ̀ ju ọyẹ́ ilé wa lọ. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfuurufú kì í gbà ju kílò 23 nínú àpótí kan. Aṣọ òkè sì wúwo.

Ẹ di ìró àti bùbá méjì, pẹ̀lú gèlè kan tí ó bá méjèèjì mu. Súwẹ́tà fẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ bùbá yóò mú ara móoru, kò sì ní ba oge yín jẹ́. Bàtà dúdú kan tí ó bo ẹsẹ̀ ti tó.

Kóòtù ńkọ́? Ẹ gbé e lọ́wọ́. Àpótí lè pẹ́ dé. Òtútù kì í dúró dè é.

Ìbéèrè: Èé ṣe tí a fi ń gbé kóòtù lọ́wọ́?