Wi-Fi Ti Wọlé, Íntánẹ́ẹ̀tì Kò Tíì Dé

Ilẹ̀ ti ṣú kí ọkọ̀ wa tó dé Àjàṣẹ́. A ti pẹ́ jù ní ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, ebi ń pa mí, síbẹ̀ iṣẹ́ kan wà lọ́wọ́ mi tó gbọ́dọ̀ dé Ìbàdàn kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí mo ṣe wọ yàrá nílé ìtura, láptọ́ọ̀pù ni mo kọ́kọ́ ṣí. Mo rí orúkọ Wi-Fi ilé náà, mo tẹ pásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, ẹ̀rọ sì gbà á. Ṣùgbọ́n kò sí ojú-ìwé kankan tó ṣí. Mo pa á, mo tún un tàn, pàbó ni.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń gba àlejò.

"Ẹ kú ìrìn o, mà," ó ní. "Ṣé ẹ ti tẹ nọ́ńbà yàrá yín sínú ojú-ìwé wa?"

"Ojú-ìwé wo? Kò sí èyí tó yọjú sí mi."

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín wò ó, mà."

Kò pẹ́ rárá tí iṣẹ́ mi fi gbéra lọ sí Ìbàdàn. Ohun tó ṣe ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, kí ìrìn àjò yín má bàa rí bí tèmi alẹ́ ọjọ́ náà.

Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé Wi-Fi àti íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ ohun kan náà. Wọn kì í ṣe ohun kan náà. Ẹ wo ilé tó ní táńkì omi. Páìpù kan so táńkì mọ́ ẹnu ẹ̀rọ inú ilé ìdáná. Páìpù mìíràn ló ń gbé omi láti ìta wá sínú táńkì. Kò sí bí páìpù ilé ìdáná ṣe lè dára tó, bí omi kò bá wọ táńkì, ẹnu ẹ̀rọ á gbẹ. Àpótí kékeré tí iná ń ṣẹ́jú lára rẹ̀, tí à ń pè ní ráútà, ni táńkì yẹn. Wi-Fi ni páìpù tó ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá sínú láptọ́ọ̀pù yín, àmọ́ inú afẹ́fẹ́ ló ń gbà, bí ìgbì rédíò. Wáyà tàbí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló so ráútà mọ́ ìta. Ẹni tó bá mọ èyí tó já nínú méjèèjì ti mọ ibi tí yóò fọwọ́ sí.

Bí ẹ bá ń lo Windows 10 tàbí 11, ẹ wo igun ọ̀tún nísàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ. Àmì tó dà bí abẹ̀bẹ̀ ń sọ pé ọ̀nà là. Bó bá jẹ́ àwòrán ayé róbótó ni ẹ rí, ẹ tẹ ẹ. Tó bá kọ orúkọ Wi-Fi ilé náà pẹ̀lú "No internet", páìpù inú ilé kò ní àléébù. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohun mìíràn, ẹ mú fóònù yín, ẹ pa dátà rẹ̀, kí ẹ sì so ó mọ́ Wi-Fi kan náà. Bí òun náà kò bá ṣí ojú-ìwé, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀bi má jẹ́ ti láptọ́ọ̀pù yín. Ẹ lọ sọ fún onílé. Bó bá jẹ́ pé iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, ẹ fún ráútà ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kó jí dáadáa.

Wàhálà tèmi kò sí nínú èyíkéyìí nínú páìpù méjèèjì. Ilé ìtura, pápákọ̀ òfurufú àti ilé oúnjẹ púpọ̀ máa ń fi aṣọ́nà sẹ́nu géètì. Aṣọ́nà yìí á jẹ́ kí ẹ wọ àgbàlá, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí ẹ jáde sí títì àfi bí ẹ bá forúkọ sílẹ̀ lójú-ìwé tirẹ̀. Ó yẹ kí ojú-ìwé náà yọ fúnra rẹ̀. Nígbà mìíràn kì í yọ, ìdí rẹ̀ sì nìyí: àdírẹ́sì ọ̀pọ̀ ojú-ìwé òde òní bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú https. Lẹ́tà s tó gbẹ̀yìn yẹn ń sọ pé ọ̀rọ̀ tó ń lọ láàárín yín àti ojú-ìwé náà wà nínú àpò tí a lẹ̀ pa. Bí aṣọ́nà bá fẹ́ dá àpò náà dúró kó fi tirẹ̀ rọ́pò, láptọ́ọ̀pù á kọ̀ fún un, nítorí olè ló jọ lójú rẹ̀. Ohun tí ọ̀dọ́mọbìnrin yẹn ṣe ni pé ó tẹ neverssl.com síbi àdírẹ́sì. Ojú-ìwé tí kò lo s ni, irú ìṣòro yìí gan-an ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é. Aṣọ́nà ráyè dá a dúró, ojú-ìwé ilé ìtura yọ ní èdè Faransé, mo tẹ nọ́ńbà yàrá mi, géètì ṣí.

Bí ìyẹn bá kùnà, ẹ wò bóyá VPN, ètò tó ń gbé ọ̀rọ̀ yín gba ọ̀nà ìkọ̀kọ̀, wà ní títàn. Ẹ pa á ná, ẹ forúkọ sílẹ̀, kí ẹ tó tún un tàn. Ẹ wo déètì pẹ̀lú. Láptọ́ọ̀pù tó ti pẹ́ nílẹ̀ láìní iná lè máa rò pé ọdún 2016 la ṣì wà. Ìwé ẹ̀rí tí àwọn ojú-ìwé https fi ń fi ara wọn hàn ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí, nítorí náà bí déètì yín bá ṣì, ayédèrú ni gbogbo wọn máa jọ. Àwọn ilé kan tún wà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ méjì péré ni wọ́n ń gbà fún àlejò kan. Ẹ yọ fóònù kúrò kí láptọ́ọ̀pù lè wọlé.

Mo bẹ̀ yín, ẹ béèrè orúkọ Wi-Fi náà lẹ́nu onílé. Ẹnikẹ́ni ló lè tan hotspot, ìyẹn Wi-Fi láti inú fóònù rẹ̀, kó sì fi orúkọ ilé ìtura pè é. Bí ojú-ìwé Wi-Fi ọ̀fẹ́ bá ń bi yín ní PIN káàdì báǹkì, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀.

Nígbà mìíràn ẹ ó rí orúkọ méjì tó jọra, ìkan á ní 5G lẹ́yìn. Kì í ṣe 5G ti fóònù. 5 GHz ni, ìkejì sì jẹ́ 2.4 GHz. 5 GHz yára, ṣùgbọ́n ògiri tètè ń mú kó rẹ̀ ẹ́, 2.4 ń rìn jìnnà jù ú lọ, àmọ́ èrò pọ̀ lójú ọ̀nà rẹ̀, kódà ààrò makirowéfù máa ń dí i lọ́wọ́. Bí yàrá yín bá wà ní ìpẹ̀kun, ẹ mú 2.4.

Ẹni tó bá fẹ́ lo hotspot fóònù ní Àjàṣẹ́ gbọ́dọ̀ rántí pé síìmù Nàìjíríà ti di àlejò níbẹ̀, owó dátà rẹ̀ sì lè ga gan-an. Ẹ béèrè iye rẹ̀ kí ẹ tó kọjá ẹnubodè. Lórí láptọ́ọ̀pù, ẹ wá Wi-Fi náà nínú Settings, kí ẹ tan "Metered connection", kí Windows má bàa fi dátà yín gba ẹrù ńlá tí ẹ ò rán an.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá oníṣòwò kan láti Kétu gbé láptọ́ọ̀pù tirẹ̀ wá bá mi nídìí oúnjẹ.

"Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní ẹ rí tiyín ṣe."

Kò sí orúkọ Wi-Fi kan ṣoṣo lójú ẹ̀rọ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwòrán bàálù kékeré kan wà nígun. Mo bi í bóyá ó nu ẹ̀rọ náà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, eruku ọ̀nà ti bò ó. Aṣọ ìnujú ti tẹ bọ́tìnnì tó ní àwòrán bàálù lókè, láàárín F1 sí F12, ó sì ti pa gbogbo rédíò inú ẹ̀rọ náà. Mo tẹ bọ́tìnnì náà lẹ́ẹ̀kan. Orúkọ Wi-Fi tò wálẹ̀. Bàbá tẹ nọ́ńbà yàrá rẹ̀ fúnra rẹ̀, ìwé tí ọmọ rẹ̀ kọ láti Parakú sì ṣí. Ó fa àga súnmọ́ tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.